Èmi Ni Mo Já Erijiyan Lọ́jọ́ Ìdánwò

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Erijiyan, ẹ gbé èpè yín kúrò lórí Nurat. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka náà ló ń kọ̀wé yìí. Èmi Jimoh, tí mò ń bójú tó swíìṣì ilé iṣẹ́ wa ní Ìjerò, ni mo ba ìdánwò àwọn ọmọ yín jẹ́. Inú ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kẹ́ ẹ tó dá ọmọ yẹn lẹ́bi.

Swíìṣì ni ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà han íńtánẹ́ẹ̀tì láti ìlú dé ìlú. Ti Ìjerò ní aládùúgbò: Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n, Ìkòrò, Erijiyan. Wọ́n máa ń kí ara wọn látìgbàdégbà bí èèyàn. Bí ọ̀kan ò bá gbọ́ kíkí èkejì mọ́, yóò gbà pé ó ti kú, yóò sì pa ọ̀nà ilé rẹ̀ rẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ ìlànà ìlú kọ̀ọ̀kan sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí mò ń fi ṣe fáàrí. Nurat, tí mo kọ́ níṣẹ́, wá kó gbogbo wọn sínú ẹgbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi wàhálà. Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ fún ẹgbẹ́, gbogbo wọn ti gbọ́ nìyẹn." Pius, ọ̀gá wa, bú sẹ́rìn-ín: "Jimoh, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ ti di tíṣà ẹ o. Máa bá a gbé báàgì." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, eyín funfun, inú dúdú.

Lọ́jọ́ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, Nurat lọ dúró ti àwọn ọmọ ní Erijiyan. Mo jókòó sí Ìjerò, mo yí páásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ náà padà, ọ̀rọ̀ àṣírí tí swíìṣì wa àti àwọn aládùúgbò fi ń dá kíkí ara wọn mọ̀. Aládùúgbò ń kí wa, a ò dáhùn. Ohun tí mo gbèrò ni pé kó já díẹ̀, kí n tún un ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ṣì ni àgbà. Ẹ ò rí òmùgọ̀.

Nurat pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀nà ti já, mi ò lè wọ swíìṣì yín láti ibí. Àwọn ọmọ ń sunkún." Mo ń gbọ́ ẹkún náà lẹ́yìn rẹ̀. Àní mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo mọ ẹgbẹ́ í kó? Bá ẹgbẹ́ ẹ sọ̀rọ̀." Mo gé fóònù, mo jókòó, mo ń wo ẹ̀rọ títí àkókò ìdánwò fi kọjá. Ọdún kan gbáko tí àwọn ọmọ fi kàwé di ti ẹ̀fúùfù. Lẹ́yìn náà ni mo tú ẹgbẹ́ náà ká, mo tẹ àwọn ìlú padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Nurat tó fi ọ̀kadà dé Ìjerò, gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, Pius sì ń pè mí ní àgbà iṣẹ́. Wọ́n lé Nurat lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n ní ẹgbẹ́ tó kó jọ ló já ọ̀nà. Mo wò ó bó ṣe ń lọ.

Mo ń tọrọ àforíjì lórí ẹní ìkírun, ọkàn mi ò balẹ̀. Lánàá ni mo wá bá a nílé ìyá rẹ̀ ní Erijiyan, mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Àwa méjì péré la lè wọ swíìṣì yẹn, èmi sì wà níbí lọ́jọ́ náà. Ẹ má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ojú ọjà ni wọ́n ti bú ìyá mi, tí ẹnikẹ́ni ò ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Nítorí náà, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, màá dúró níwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀, màá ka ìwé yìí sókè, kí Pius náà wá gbọ́. Ẹni tí èébú bá kù lẹ́nu rẹ̀, èmi ni kó bú. Tó bá bú mi tán, kó ra epo kó tó máa lọ.