Ìran Tí N Kò Rí Lórí Òkè Nepal

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá orin náà dúró. Bí mo bá jẹ́ kí a kọ ọ́ parí, n ó tún jókòó, n ó sì tún gbé irọ́ yìí relé. Ìníolúwa kò kú ikú àìgbọràn. Èmi Dúródọlá, tí ẹ ń pè ní aríran, èmi ni mo pa á.

Gbogbo yín nínú ìjọ Gesundbrunnen yìí lẹ mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ọdọọdún la máa ń dárò pé Berlin kò ní òkè tí a lè gùn lọ gbàdúrà bíi tilé. Òun ló ní, "Sístà, ẹ jẹ́ ká gba Urlaub, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ká gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ká lọ gbàdúrà ní Nepal, níbi tí òkè gbé jẹ́ òkè."

Mo bá a lọ. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ló ti ń ṣíwájú mi. Á jókòó sórí òkúta, á máa dúró dè mí, á ní, "Ìyá aríran, ṣé ẹ̀mí tó ń gbé yín ní ṣọ́ọ̀ṣì kò rí físà gbà ni?" Pasang, ọmọ Nepal tó ń fọ̀nà hàn wá, á rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè wa. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ẹni tó fẹ́ràn mi ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkàn mi, ọkàn Káínì, gbà á sínú. Mo fẹ́ kí ojú tì í.

Nígbà tí a dé ibi tí yìnyín ti bo ilẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ìníolúwa, ó ń bì, ó ń rìn bí ẹni tó mutí yó. Pasang ní afẹ́fẹ́ òkè ti fẹ́lẹ́ jù fún un, kó má gùn mọ́. Ó ní òun á sáré lọ pe ènìyàn wá láti ilé èrò, kí wọ́n wá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bó ti lọ tán, Ìníolúwa di ọwọ́ mi mú.

"Sístà mi, kí ni Ẹ̀mí wí?"

N kò rí ìran kankan. Mo di ojú, mo gbọn orí bí mo ti máa ń ṣe níhìn-ín, mo ní, "Ẹ̀mí ní kí o má sọ̀ kalẹ̀. Ààwẹ̀ ni kí o fi gùn ún, má fi omi kan ẹnu. Ilẹ̀ mímọ́ sì ni. Bọ́ bàtà rẹ."

Ó wo yìnyín, ó wò mí. "Bàtà náà?"

"Ṣé a máa ń wọ bàtà dé ibi mímọ́ nínú ìjọ tiwa ni?"

Ó tú okùn bàtà rẹ̀. N kò bá a tú u. Ó ń gun òkè lẹ́sẹ̀ lásán, ó ń kọrin tí ohùn rẹ̀ kò jáde, mo sì ń tẹ̀ lé e nínú bàtà tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi wọ bàtà. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣubú, inú mi dùn. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Pasang ló padà wá gbé e pọ̀n sẹ́yìn, ó ń sáré, ó ń bú mi lédè rẹ̀. Kí a tó dé abúlé, ẹ̀mí ti bọ́.

Mo dé Berlin, mo lọ bá màmá rẹ̀ ní àdúgbò Märkisches Viertel. Mo ní, "Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ̀ kalẹ̀, Màmá. Ó ṣe oríkunkun." Màmá gbà mí gbọ́. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń fi ọmọ tí wọ́n bí ṣe àpẹẹrẹ aláìgbọràn fún àwọn ọmọ yín, tí èmi sì ń ṣe àmín. Nígbà tó yá, mo kó lọ sí Hamburg. Aríran náà ni wọ́n tún ń pè mí ní ìjọ Altona níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan níbẹ̀, Tìmílẹ́yìn, kúnlẹ̀ níwájú mi. Dókítà ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá kí òun lọ. Mo ti di ojú, mo ti ń gbọn orí. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo ní kó lọ bá dókítà, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní Ẹ̀mí rán òun sí yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òun náà ń ṣe ohun tó ní kí ẹ ṣe.

Màmá, bí ẹ kò bá lè foríjì mí lónìí, mo fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ kan wà tí ọmọ yín rán mi sí yín, tí mo gbé mì. Níbi tí Pasang ti pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, kí ẹ̀mí tó bọ́, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Màmá mi pé mo gbọ́ràn."