Ta Ló Kàn Láti Gbọn Ìrì?

Gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi, Bùsáyọ̀. Ṣé ó ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó dáa. Kó o má wá sọ fún mi lọ́la pé o ò gbọ́ ohun tí màmá rẹ àgbà sọ.

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge, ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Kì í ṣe pé mọ́tò ò sí o. Mọ́tò wà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró dè é títí oòrùn á fi kan àtàrí? Láti Ayétòrò níbí dé Ìmáṣàyí, nílé àwọn òbí mi, ẹsẹ̀ lèmi àti bàbá yín àgbà fi ń lọ. A dé, a kí wọn, a jẹun, a tún gbéra. Ẹ̀yin tòde òní ńkọ́? Láti ibi yìí sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ẹ ó pe ọ̀kadà! Ọlọ́kadà gan-an á máa fi yín rẹ́rìn-ín nínú.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù láti rìn ni ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ ò sì tíì dé tán. Àárọ̀ á tutù, ara á yá gágá. Koríko á ti ga ju èèyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á wá tẹ̀ sójú ọ̀nà, ìrì á kún orí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣíwájú ló máa ń fi ọ̀pá gbọn ìrì yẹn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ara tiẹ̀ á gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni iwájú… hẹ̀n-ẹ́n, láti orúnkún dé ilẹ̀, omi ni.

Ọkùnrin ló máa ń gbọn ìrì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Obìnrin á gbé ẹrù rù, á tẹ̀ lé e. Ọdún tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ, a ń lọ lọ́jọ́ kan, mo rí i pé sòkòtò bàbá yín ti rin gbindin, òtútù ń mú un, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo ní, "Ẹ fún mi lọ́pàá yẹn." Ó ní, "Ìwọ Àbẹ̀kẹ́?" Mo ní, "Èmi ni. Ẹ ti ṣe tiyín." Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá fún mi, ó sì gba ẹrù orí mi. Láti ọjọ́ náà lọ, a ń gbà á fún ara wa ni. Bó bá rẹ ẹni iwájú, ẹni ẹ̀yìn á ní, "Ó kàn mí."

Àwọn èèyàn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ọkọ mi pàápàá, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n wà lóko lọ́jọ́ kan, wọ́n rí wa tí à ń bọ̀. Wọ́n pariwo, "Yéè! Ìyàwó mi ló ń gbọn ìrì, tí ọmọ tí mo bí ń rìn gbẹ̀rẹ́ lẹ́yìn?" Bàbá yín ò bínú. Ó ní, "Màmá, ó kàn án ni." Ìyá wa pàtẹ́wọ́, wọ́n mirí, wọ́n wọnú ahéré. Mo rò pé ó ti parí fún mi. Ẹ gbọ́ o… wọ́n jáde wá, wọ́n mú ọ̀pá tiwọn dání. Wọ́n ní, "Èyí tó o mú lọ́wọ́ yẹn kúrú jù fún ọ. Gba èyí." Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìyàwó mi lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹni iwájú máa ń ṣe. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, á já ewé tútù, á fi lélẹ̀ sójú èyí tí kì í ṣe tiwa. Tí ẹni ẹ̀yìn bá ti rí ewé, ó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti dí. Ẹ fi ewé yẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí ẹ̀.

Ó di ìgbà tí Fúnmi, ọmọ wa, ìyá Bùsáyọ̀ tó jókòó yìí, bí ọmọ ní Kánádà. Ó ní ká wá bá òun tọ́jú ọmọ. Èmi àti bàbá yín bá wọ bàálù, arúgbó méjì. Ilé dára. Oúnjẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn ń lọ! Ilẹ̀kùn títì láti àárọ̀ dálẹ́. Bàbá yín gbé àga sídìí fèrèsé, ó jókòó. Ọjọ́ lọ, ọjọ́ bọ̀, orí àga yẹn náà ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó kàn ń mirí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ṣé kí ọkọ mi lè wá kú sórí àga ni mo ṣe tì í wọ bàálù?

Ni mo bá dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká rìn."

Ó ní, "Ká rìn lọ sí ibo?"

"Ká ṣáà rìn."

Igbó kan wà lẹ́yìn ilé wọn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àsìkò tí igi wọn ń wọ́wé ni. Kì í ṣe bíi tiwa tó kàn máa gbẹ nínú ọyẹ́ o. Tiwọn á kọ́kọ́ pọ́n, á pọ́n bí ìbẹ́pẹ, kó tó já bọ́. Ilẹ̀ á wá pọ́n, òkè á pọ́n. Mo wo inú igbó yẹn, omi bọ́ lójú mi, ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Bàbá yín já igi kan, ó fi ṣe ọ̀pá. Lójoojúmọ́ là ń lọ, a ń gba iwájú fún ara wa bí a ṣe ń ṣe é lójú ọ̀nà Ìmáṣàyí. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí la fẹ́ jẹ. Ẹ ò mọ bí ó ṣe máa ń dùn tó, kí ọkọ ẹni padà béèrè oúnjẹ.

A wá lọ jìnnà lọ́jọ́ kan. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti pín, bàbá yín á já ewé, á fi dí èyí tí kì í ṣe tiwa. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, atẹ́gùn ti fẹ́, ewé ti bo gbogbo ilẹ̀. Ewé lọ́tùn-ún, ewé lósì, ewé sórí ewé! Èwo wá ni tiwa níbẹ̀? A dúró ní oríta, a wo ara wa, ẹ̀rín pa wá. A rẹ́rìn-ín títí… òtútù wá gba ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wa. A rìn síbí, kò já. A rìn sọ́hùn-ún, kò já.

Ìyá òyìnbó kan ló pàdé wa lójú ọ̀nà, òun àti ajá rẹ̀. Àgbàlagbà bíi tiwa. Ó fi Faransé, èdè tí wọ́n ń sọ lágbègbè yẹn, kí wa, "Bóńjúù!" Áà! Ẹ ṣáà mọ̀ pé bàbá yín máa ń ná ọjà Kétu, lódìkejì ibodè, nígbà tó lágbára. Faransé ọjà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bóńjúù, madáàmù! Sà và?" Ó wá na ọwọ́ kiri, ó ní, "Mèsọ́ọ̀n! Mèsọ́ọ̀n!" Ilé ló ń béèrè. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fà wá lọ́wọ́, ó mú wa délé. Àṣé ojúlé kejì sí ti Fúnmi ni tiẹ̀. Màmá Aládùúgbò ni mo sọ ọ́.

Fúnmi wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lẹ́yìn, ẹkún lójú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní jáde mọ́! Tí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́? Ojú wo ni màá fi wo àwọn ará ilé?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n bàbá yín padà sórí àga. Ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí wú.

Kò pẹ́ ni yìnyín dé. A jí, gbogbo ayé funfun. Màmá Aládùúgbò bá kanlẹ̀kùn. Ó kó àwọn pákó kan dání, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, imú wọn ká sókè. Síkì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó de bàtà mọ́ ọn, ẹ ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún àti tòsì, ẹ ó máa yọ̀ lọ lórí yìnyín. Tiẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí ni. Ó bẹ Fúnmi pé kó jẹ́ kí á jáde. Ó ní orí pápá tó wà láàárín ilé àti igbó lásán ni, ojú Fúnmi á tó wa láti fèrèsé. Fúnmi ronú. Ó wá ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi lè ṣubú nínú yín, ó parí nìyẹn."

Ẹ wò wá! Kóòtù lórí kóòtù, ìbọ̀wọ́, fìlà irun, èmi sì ró ìró mi lé e. Yìnyín náà kò tíì pọ̀, koríko ṣì ń yọrí. Kò sí ẹni tó tíì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni iwájú ló máa la ọ̀nà, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni ẹ̀yìn á kàn máa yọ̀ nínú ipa rẹ̀. Kí ni ìyẹn jọ létí yín? Bàbá yín bá wò mí, mo wò ó. Ó bọ́ síwájú.

Ó ń lọ o. Ẹsẹ̀ kan, èkejì. Ó dé àárín pápá… gbàà! Ó ti jókòó sínú yìnyín.

Fúnmi sáré jáde láìwọ bàtà gidi. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Dádì ti ṣubú!"

Bàbá yín jókòó sílẹ̀ bí ọba. Ó ní, "Ta ló ṣubú? Mo jókòó ni."

Màmá Aládùúgbò ò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀rín sì ń pa á. Mo dé ẹ̀gbẹ́ bàbá yín. Mo mọ̀ pé bí Fúnmi bá gbé e dìde bí ọmọ ọwọ́, orí àga ló ń lọ, kò ní dìde ńbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Fúnmi, fi wọ́n sílẹ̀." Mo na ọ̀pá mi sí i. Ó di orí ọ̀pá mú, ó mí kanlẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ẹ bọ́ sẹ́yìn. Ó kàn mí."

Ó bọ́ sẹ́yìn. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìmáṣàyí, mo ṣíwájú. Mo la ọ̀nà dé ìdí igi tó wà ní ìpẹ̀kun pápá. Níbẹ̀ ló ti ní, "Ó kàn mí." Òun ló ṣíwájú padà. Kò sí pé à ń já ewé mọ́, ipa ẹsẹ̀ wa wà nílẹ̀ gbọrọ, ó já sẹ́nu ilẹ̀kùn Fúnmi. Fúnmi dúró síbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí!" Kò tún dí wa lọ́nà mọ́. Kí a tó padà wá sí Ayétòrò, òun náà ti ń tẹ̀ lé wa nínú ipa wa. Ẹ wo àwòrán wa lára ògiri yẹn. Arúgbó wo ló tún ní irú rẹ̀ ní gbogbo Ayétòrò yìí? Ẹ dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ ẹnì kan, ẹ bá a rìn. Ẹ má kàn fún un ní àga tó dára. Òde òní, àga ni gbogbo èèyàn ń rà fún àgbà… ó mà ṣe o.

Ẹ ń gbọ́ ìró ọ̀pá níta yẹn? Bàbá yín ni. Ìrì ti sẹ̀, ó ń dúró dè mí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí, kò rí ọ̀nà dáadáa mọ́, èmi ni mò ń ṣíwájú láràárọ̀. Ó sì máa ń béèrè, láràárọ̀, pé ta ló kàn. Màá ní, "Èmi ni, Bàbá Fúnmi. Ọ̀la ló kàn yín."

Pa fóònù yẹn, Bùsáyọ̀. Gbé ọ̀pá mi fún mi.