Omi Tó Ń Hó Lójúgun Mi

Ṣadé, gbé ìgò háídírójìn yẹn sílẹ̀ ná. Mo ní kó o gbé e sílẹ̀. Mo ti gbọ́ pé o ṣubú níbi tó o ti ń sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì rí orúnkún ẹ tó bó. Jókòó síbí. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ gbọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì ń sáré, òkìríkà ni mò ń tà ní Òṣòdì. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mi ò ta súwẹ́tà, mi ò ta ṣòkòtò. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun nìkan, torí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń wá láti Àjàó Estate kì í nájà pẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà o. Àmọ́ tó o bá ti lanu pe iye kan, ohùn ẹ ni mo fi ń mọ ibi tó o máa já a sí.

Aṣọ òkìríkà, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, òmíì á ti lábàwọ́n. Ẹni tó wọ̀ ọ́ á ti ta ẹ̀jẹ̀ sí i lọ́rùn níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Bàbá kan tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́ mi. Ará Ìsẹ́yìn bíi tiwa ni, ó ti kú tipẹ́. Ó ní, "Má lo omi gbígbóná o, ẹ̀jẹ̀ á wọnú ẹ̀. Omi tútù ni. Lọ ra háídírójìn ní kẹ́míìsì, da díẹ̀ sí i, jẹ́ kó hó, kó o wá ṣàn án. Má pò ó mọ́ bílíìṣì o!" Mo dán an wò. Yéè! Ó hó ṣùù, ẹ̀jẹ̀ lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rà bí àkísà, mo gbé e kọ́, ó ń dán.

Bó ṣe di pé ohun gbogbo ni mò ń fi omi yẹn ṣe nìyẹn. Mo fi fọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Mo dà á sí pákó tí Ìyá Kúdí, ìyá-ìyá yín, fi ń gé ẹran. Ìyá Kúdí ní, "Bàbá Kúdí, ẹ má ṣáà dà á sọ́bẹ̀."

Ọjọ́ kan la ń tú bẹ́ẹ̀lì, ẹrù òkìríkà tí wọ́n dì pọ̀. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń dì í. Tí wọ́n bá ti gé irin yẹn, gbogbo wa á ya bò ó, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yá ló ń mú èyí tó dáa. Ẹ̀yin ń jókòó wo aṣọ lórí fóònù lónìí... àwa, ẹsẹ̀ la fi ń rajà. Irin yẹn ta padà, ó ya mí lójúgun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí háídírójìn wà nílé.

Láàárọ̀, mo dà á. Nírọ̀lẹ́, mo dà á. Ó ń hó, inú mi ń dùn, mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú ọgbẹ́ ṣì là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ ẹyẹ. Mi ò lè dúró nídìí bẹ́ẹ̀lì mọ́. Èyí tí wọ́n ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń kàn mí. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá Kúdí ń sunkún pé kí wọ́n má lọ gé ẹsẹ̀ ọkọ òun. Èmi ńkọ́? Mo lọ ra ìgò mìíràn.

Yàrá tó dojú kọ tiwa ní Ìsọlọ̀, Ìyá Fẹ́mi ló ń gbébẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń dà á.

"Bàbá Kúdí, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń fọ ọgbẹ́ ni. Ẹ ò rí bó ṣe ń hó!"

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti ń hó?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdọ̀tí ò tán? Ṣé ààtàn lẹ gbé sẹ́sẹ̀ ni?"

Ìyá Kúdí bú sẹ́rìn-ín, tòun tomijé lójú. Ìyá Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ẹ̀, lórí aṣọ funfun iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń hó. Ẹ̀jẹ̀ yín ni. Ẹran tuntun tó ń hù ni. Ara yín ń hun ún, ẹ̀yin ń tú u."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ẹ gbọ́! Ìdí òfì ni wọ́n bí mi sí. Èmi wá ń tú aṣọ lórí òfì, mò ń yin ara mi.

Ó ní, "Lọ́la, ẹ tẹ̀ lé mi lọ họ́sípítù, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́. Irin ló ya yín, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tó mọ́, ọṣẹ, ká dì í. Ẹ má lọ Òṣòdì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi sí ọjọ́ márùn-ún."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ó dáa, ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti fi kún un."

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Kúdí. Ẹsẹ̀ ta là ń ná?"

Èmi tí mi ò ra abẹ́rẹ́ ìránṣọ láìná! Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni."

"Ẹ gbé ìgò yẹn wá. Ojú yín ò kúrò lára ẹ̀."

Mo gbé e fún un. Lójoojúmọ́ ló ń yà wò mí kó tó wọlé tiẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń dì í. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ọgbẹ́ ti pa dé. Ó dá ìgò mi padà. Díẹ̀ ló kù ní ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀jẹ̀ yín ló ta sí mi láṣọ, ìgò yín náà ni mo fi fọ̀ ọ́." Ọjà kan ṣoṣo tí wọ́n dá padà fún mi láìkún láyé mi nìyẹn, tí mo sì tún dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Ìyá Fẹ́mi ti lọ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Lónìí, géètì ló dojú kọ géètì. Ta ló máa yà sẹ́nu ọ̀nà ẹni láti béèrè pé kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Ẹsẹ̀ yìí tí mo fi ń rìn lọ kírun, mo máa ń wò ó, mo máa ń dúpẹ́ obìnrin yẹn.

Ó yá, Ṣadé. Lọ fi omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ fọ orúnkún yẹn, kó o padà wá ká dì í. Bọ́ sọ́ọ̀sì ẹsẹ̀ ẹ tó lẹ́jẹ̀ yẹn fún mi. Sọ́ọ̀sì ló ni ìgò yìí. Mú un wá pẹ̀lú omi tútù o... Sọ́ọ̀sì ní pààrọ̀, ọmọ mi. Orúnkún ò ní.