Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ fún Dókítà Kejì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ẹ súnmọ́ ibùsùn mi. Ikú ti ń kanlẹ̀kùn, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èmi tí ẹ ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ọwọ́ mi kò mọ́.

Aránṣọ kan gbé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tó ti kẹ̀ wá bá mi. Bí mo ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ kan wà tí ara mi kì í gbà. Ọkọ mi ló mọ orúkọ ẹ̀." Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, jókòó síta, kí n ṣáà yọjú pè é ló kù. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ń gùn mí. Mo ní, "Màmá, ta ni dókítà nínú àwa méjèèjì?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni o! Abẹ́rẹ́ aṣọ nìkan lèmi mọ̀." Mo gún un. Kò pẹ́, ètè rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè tó ti là. A du ẹ̀mí rẹ̀ títí èémí fi padà, a sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fà mí sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ fún ọkọ ẹ̀. Ṣebí agbẹjọ́rò wa sọ pé dókítà tó bá tètè sọ òtítọ́ kì í sábà dé kóòtù?" Mo ní, "Ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n ń dè. Panu mọ́!" Ẹ ò rí òmùgọ̀ bí?

Dókítà ibẹ̀ pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo lẹ fún un kó tó wú báyìí?" Òtítọ́ dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Oògùn ìrora lásán ni. Bóyá nǹkan tó jẹ nílé ni." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì bi ọkọ rẹ̀ léèrè mọ́. Nígbà tó rí ọgbẹ́ náà, oògùn tí mo fún un gan-an lòun náà fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, èémí kò padà.

Níbi ìsìnkú, káfíńtà dì mọ́ mi. "Dókítà, bí ẹ ṣe ṣe fún ìyàwó mi, Olúwa á ṣe é fún yín." Mo ṣe àmín. Àmín yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí ẹ gbọ́. Bí ẹ bá sì ṣì í, ẹ yáa sọ ọ́ nígbà tí èémí ṣì wà nínú ẹni náà. Mo ti ránṣẹ́ pe káfíńtà. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó wọlé. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ pé kó má pè mí lẹ́jọ́. Kó ṣáà bá mi mú àdúrà yẹn kúrò lórí mi, bí àánú bá ṣì kù lọ́kàn rẹ̀.