Gbólóhùn Kan Tí Mo Fi Kún Ìfilọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ fẹ́ kó kúrò nílùú wa ní ìparí oṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Tíṣà ni mí ní Ìlọrà. Èmi náà ni akọ̀wé ìjọ wa, tó ń kọ ìfilọ̀ tí wọ́n ń kà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá ń gbé irú ìlú wa yìí á mọ bí ìfilọ̀ ṣe lágbára tó. Ohun tí wọ́n bá sọ lọ́jà, èèyàn lè ní irọ́ ni. Èyí tí wọ́n bá ti kà nínú ìfilọ̀, ó ti parí nìyẹn.

Mo tún jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn àtimọ ìdí ọ̀rọ̀. Bí aago ògiri bá dúró, àfi kí n tú u. Ìyàwó mi máa ń ní lọ́jọ́ kan màá tú ilé palẹ̀ kí n lè mọ ohun tó gbé e ró.

Ọdún yẹn, ìbátan mi kan tó ń gbé ní Awẹ́ mú fọ́tòkọ́pì ìwé kan wá fún mi. Ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló ti rí i. Ìwé náà ní bí ẹnì kan bá pè yín lórí tẹlifóònù, tó ní òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ni òun, pé òun ń yẹ wáyà wò, tó wá ní kí ẹ tẹ ẹẹ́sàn-án, kí ẹ tẹ òdo, kí ẹ sì tẹ àmì kan tó ní igi méjì lóòró, igi méjì níbùú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Gbájúẹ̀ ni. Orí ìlà yín ni yóò ti máa pe gbogbo ayé, ẹ̀yin ni bílì yóò sì wá bá.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo ní kí n fi í sínú ìfilọ̀. Àmọ́ mo mọ àwọn èèyàn mi. Bí o bá ní kí wọ́n ṣọ́ra, wọ́n á bi ọ́ pé ta ló ti ṣẹlẹ̀ sí. Ni mo bá fi gbólóhùn kan kún un, èyí tí kò sí nínú ìwé náà rárá: "Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tó ní tẹlifóònù ní agbègbè wa yìí." Kò sí ìyá kankan tí mo ní lọ́kàn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fetí sílẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àṣìṣe mi. Tẹlifóònù tó wà ní Ìlọrà nígbà náà kò ju ohun téèyàn lè fi ìka kà lọ. Ọ̀kan wà ní pósífíìsì, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ dókítà, díẹ̀ wà nílé àwọn ọkùnrin olówó. Ìyá tó ní tẹlifóònù, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Màmá Bọ́sẹ̀ ni, opó kan nínú ìjọ wa, tí Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì bá fa tẹlifóònù sílé.

Bí wọ́n ṣe ka gbólóhùn yẹn, mo rí i tí orí gbogbo èrò yí sí ibi tí Màmá jókòó. Màmá alára tún bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ìyá tí wọ́n ń sọ.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ní ọmọ lókèèrè, pálọ̀ Màmá ló ti ń dúró de ìpè. Bẹ́ǹṣì kì í gba èrò ní ọjọ́ Sátidé, Màmá á sì máa bu ẹ̀pà fún wọn. Lẹ́yìn ìfilọ̀, wọ́n wá bá a kẹ́dùn. Ó ní kò ṣẹlẹ̀ sí òun. Wọ́n ní ojú ló ń tì í. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní tẹlifóònù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní òun gan-an ló ń fún wọn ní orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ni bẹ́ǹṣì bá ṣófo. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kan pè láti Kàdúná, Màmá sáré lọ pe ìyá ọmọ náà, ìyẹn ní òun kò ní ọmọ tó ń pe òun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹjú, àwọn àgbà ìjọ ní kí n lọ wá ìdí rẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo mọ ìdí ọ̀rọ̀ í wá. Ẹ ó ní ṣé n kò mọ̀ ni? Mo mọ̀. Àmọ́ mo ń sọ fún ara mi pé bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan níbì kan lóòótọ́. Ìyá yẹn ni mo ń wá, kí irọ́ mi lè di òótọ́. Mo dé Ìwàrè, wọ́n ní Ìmínì ni. Mo dé Ìmínì, wọ́n ní ṣé n kò gbọ́ ni, ìyá kan ní Ìlọrà ni.

Mo wá lọ bá bàbá kan ní Fìdítì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù. Mo ka ìwé náà fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ní ọ́fíìsì ńlá tí ẹnì kan ti ń gba ìpè tó sì ń pín in sí yàrá kọ̀ọ̀kan, gbájúẹ̀ lè fi gba ìlà lọ́wọ́ wọn. Ó ní ti inú ilé, bí o tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀la, kò sí ohun tí yóò ṣe. Ó tẹ̀lé mi dé pálọ̀ Màmá láti wò ó. Ó tẹjú mọ́ tẹlifóònù náà, ó ní, "Tíṣà, níbo ni wọ́n ti fẹ́ tẹ àmì yẹn lórí èyí?"

Tẹlifóònù oníhò ni, èyí tí wọ́n ń fi ìka yí. Ihò mẹ́wàá ló ní, kò ní àmì kankan. Ohun tí wọ́n ní Màmá ṣe, tẹlifóònù rẹ̀ kò lè ṣe é. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí. Màmá nu ojú, ó ní, "Ta ló wá sọ pé èmi ni?" Mo ń wo bàtà mi.

Èsì tí mo kọ ni pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ńlá ni ìkìlọ̀ náà, kò kan ilé wa, àti pé a kò rí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ ìyá náà sílẹ̀. Wọ́n kà á nínú ìfilọ̀. Kò yí nǹkan kan padà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Láti ìgbà náà, Màmá ní èmi nìkan ni mo gba òun gbọ́. Bí ọsàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bá pọ́n, tèmi ló ń kọ́kọ́ já. Mo ń jẹ ẹ́, ojú sì ń tì mí.

Ní báyìí Bọ́sẹ̀ fẹ́ wá mú un lọ sí Jọ́ọ̀sì, torí ilé náà ti dákẹ́ jù. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Tíṣà, o ò rí ẹni yẹn títí dòní? Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ẹyọ ẹnì kan ni ǹ bá máa bínú sí. Báyìí, gbogbo ìlú ni mo ń bínú sí lọ."

Mo ní, "Mà, mo ṣì ń wá a."

Mo mọ̀ pé ará ìlú mi tó bá ka èyí á mọ̀ mí. Bóyá ìdí tí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kí ẹlòmíràn lè bá mi sọ fún un. Ìwà ojo ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí n kò bá sọ ọ́, ìlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò bínú sí títí ayé rẹ̀. Bí mo bá sì sọ ọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé òun ní ní Ìlọrà, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.