Ìjókòó Tí Mo Yàn fún Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tó ń ka abala yìí, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò lè dá a gbé mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Mi ò fẹ́ràn ìyá ọkọ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ilé kan náà là ń gbé ní Ungwan Boro, ní Kaduna. Nígbà tí oyún bàjẹ́ lára mi, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Wannan ba mace ba ce." Pé èmi kì í ṣe obìnrin. Ó rò pé èmi ọmọ Èkó ò gbọ́ Hausa. Ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, Hausa la sì fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Tọ̀tún lọ pátápátá. Dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sí Èkó fún iṣẹ́ abẹ tòsì, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ohunkóhun. Ọkọ mi ní kí n gba tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá wá bá mi ní kíṣìnì, ó bẹ̀ mí, ohun tí kò ṣe rí.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, ibi tí màá ti rí odò Kaduna dáadáa ni kó o mú fún mi. Ó lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn nìyẹn."

Mo mọ ibẹ̀. Àwọn oníbàárà ti kọ́ mi: bàálù ọ̀sán, ọwọ́ òsì, níwájú apá bàálù, kí apá má bàa bo ilẹ̀, kí oòrùn má sì ta sójú èèyàn. Ìjókòó yẹn ṣófo. Mo fi í sílẹ̀, mo mú ọ̀kan lẹ́yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àmọ́ tí wọn ò la fèrèsé sí. Àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ rí ti bú mi títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì ń dún létí mi. Kí n sòótọ́, inú mi dùn.

Iṣẹ́ abẹ náà ò yọrí sí rere. Wọ́n fa Màmá lọ́wọ́ wọlé padà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sọ fún ọkọ mi, ó tún sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìyàwó òun fún òun ní ìjókòó tó dára jù: òun rí odò, òun rí afárá, òun rí páànù àwọn ilé àdúgbò Rigasa lọ súà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tó ku àwa méjì nílé, ó fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Me na gani?"

Kí ni òun rí? Ó ní ògiri lòun fọwọ́ pa dé Èkó, òun sì mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nítorí náà, èmi ni màá máa sọ ohun tó yẹ kí òun rí.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ mi bá ti jáde, á bi mí. Màá sọ odò, màá sọ afárá, màá sọ òrùlé ilé wa. Bí mo bá fo ilé wa, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mo sì kórìíra Màmá sí i.

Ní báyìí, àbúrò mi bímọ ní Èkó. Ọkọ mi ní ọ̀nà ò dáa, kí n wọ bàálù. Màmá sọ lójú rẹ̀ pé kí n mú ibi tó dára, kí n wò ó dáadáa, kí n wá ròyìn fún òun. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe fẹ́ràn ara wọn.

Mo ti wò ó, ìjókòó ọwọ́ òsì yẹn ṣì ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n mú un, kí n lọ fi ojú mi rí ohun tí mo fi du ìyá yìí, àbí kí n lọ jókòó síbi ògiri?