Orúkọ Mi Tó Wà Nídìí Orin

Jókòó, Célestin. Má dúró sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn èèyàn má baà rí ọ, jókòó sórí àpótí yẹn, kí o sì wo ojú mi dáadáa. Àná ni jàndáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, wá béèrè mi níbí. Ẹ̀yìn àká àgbàdo ni mo sá sí, èmi ìyá ọlọ́mọ, mo ká jọ bí ewúrẹ́ tí òjò pa, mo ń gbọ́ bí Alimatou ará ilé mi ṣe ń purọ́ fún un pé mo ti lọ sí Bessé. Ó ní òun á padà wá. Ṣé o gbọ́? Á padà wá!

Kí ni mo jí? Ta ni mo bú? Orin ni mo ṣe, mo tà á fún ọ, bí mo ti ń tà á fún gbogbo ẹ̀yin olórin láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú. Ibo ni n kò gbé orin dé? Mo gbé e dé Sakin, ẹsẹ̀ mi wú. Mo gbé e dé Kútọnu, ọ̀gá tó ń ṣe àwo orin ní ohùn mi ti gbó, kò tilẹ̀ bi mí léèrè ẹni tó ṣe orin ọ̀hún. Ìwọ nìkan ló kù tó ń wá sílé mi. Ìdí ààrò yìí gan-an lo máa ń jókòó sí, màá máa yan ẹ̀pà, màá máa kọ, ìwọ á máa gbè, títí orin á fi wọ̀ ọ́ lágbárí, wàá gbé iṣu kalẹ̀ fún mi, wàá lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo ẹni tó ń ṣe orin níbí ló ń fi orúkọ rẹ̀ sí ìdí rẹ̀, níbi tó parí sí, kí àwọn tó gbọ́ lè mọ ilé tí wọ́n á wá. Orúkọ yẹn ni ọjà mi, Célestin. N kò ní ìsọ̀, n kò ní rédíò. Ìwọ sì ń gé e kúrò! Níbi ìsìnkú, níbi ìkómọ, tó o bá ti dé ìdí orin, wàá gbé orúkọ mi mì, wàá fi tìrẹ rọ́pò, àwọn èèyàn á sì máa fi aṣọ kọ́ ọ lọ́rùn. Ṣé mo pariwo? Mo sunkún nínú yàrá, mo tún ṣe òmíràn fún ọ.

Orin tó dá wàhálà yìí sílẹ̀, ìsìnkú bàbá àgbà ará Kaboua nì lo ní kí n ṣe é fún. Ọmọ ọba ni bàbá náà. Kí ni ò bá ní kí n kọ? Mo kí adé, mo kí ìtẹ́, mo pe àwọn baba ńlá rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí a ti ń ṣe é. Orin òkú ni, ilé òkú ló yẹ kó parí sí. Ta ló rán ọ kí o gbé e lọ sí pápá, níwájú àwọn ará ìjọba tó ń pe ara wọn ní kámáráàdì, tó ti Kútọnu wá, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ wá kọ orin ìjọba tuntun? Lásìkò tí wọ́n ń bú ọba àti ìjòyè láàárọ̀ lálẹ́ nínú rédíò, tí wọ́n ní ẹni tó bá ń yin adé, ọ̀tá ará ìlú ni? Kí lo wí? O kò ráyè múra òmíràn? Ó tì o. Ọ̀lẹ ló ṣe ọ́, o rò pé àwọn yẹn kò gbọ́ èdè wa.

Mo wà níbẹ̀, àbí o kò mọ̀? Ẹ̀yìn àwọn obìnrin Sakin ni mo dúró sí. Mo rí ẹni tó jókòó ti ọ̀gá wọn, tó tẹ̀ sí i létí, tó ń túmọ̀ fún un. Mo rí i tí ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìwọ náà rí i. Ohùn rẹ yí, o dé ìdí orin, o wá la ẹnu gbàgàdà pé Albertine ará Ṣábẹ̀ẹ́ ló pilẹ̀ rẹ̀. Háà! Láti ìgbà wo lo ti ń kọ orin mi? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí o pe orúkọ mi nìyẹn!

Má búra fún mi. Má sọ pé ó já bọ́ lẹ́nu rẹ ni. Ẹ̀rù ló bà ọ́, o wá ibi tí wàá sọ̀ ọ́ sí, o gbé e lé mi lórí. Ọkọ Zénabou aládùúgbò wa tí wọ́n wá mú lẹ́nu iṣẹ́, ta ló ti rí i? Obìnrin náà ń gbé oúnjẹ lọ sí àtìmọ́lé, ó ń gbé e bọ̀. Ta ni yóò gbé tèmi? Bí adìẹ bá ta lu ilẹ̀kùn, mo ti fò dìde. Ọmọ mi obìnrin ń bi mí pé kí ni mo ṣe.

Nítorí náà, gbọ́. N kò fẹ́ orin náà mọ́. Òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe rí, èmi mọ̀, ìwọ mọ̀, mo sì ti fi ta ọ́ lọ́rẹ, pátápátá. Kí jàndáàmù tó padà wá, a jọ ń lọ sí bíró, ibi iṣẹ́ wọn. Ìwọ ní ẹ̀gbọ́n nínú ìgbìmọ̀ ìjọba tuntun, yóò bá ọ bẹ̀bẹ̀. Èmi kò ní ẹnì kankan. Wàá kọ orin náà níwájú wọn, wàá sì sọ pé ìwọ lo ṣe é, bí o ti ń sọ ọ́ nílé òkú gbogbo.

Kí lo ń wolẹ̀ sí? Sún mọ́ ààrò. Màá kọ́ ọ ní ìdí rẹ̀ ní tuntun, ìgbà ìkẹyìn tí màá kọ́ ọ ní nǹkan nìyí. Gbè é: "Célestin ará Ṣábẹ̀ẹ́ ló pilẹ̀ rẹ̀."

Kò lọ sókè tó. Tún un kọ.